Adójútòfò Ọ̀gá-jọ̀gá-lọ

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó sín, tí àwọn tó yí i ká sì pàtẹ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ bèèrè irú ẹni tó jẹ́: ọ̀gá ìjọba ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kì í tilẹ̀ sín lásán. Á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo yàrá pa lọ́lọ́, á sín, á sì wo ọ̀tún wo òsì láti mọ ẹni tí kò tètè kí i.

Adarí Àgbà Ilé-iṣẹ́ Omi ni. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn ni Ọ̀gá-jọ̀gá-lọ, nítorí pé ó ti sọ ní ìpàdé kan pé ọ̀gá pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀gá ju ọ̀gá lọ. Wọ́n rò pé yóò bínú bí ó bá gbọ́. Nígbà tó gbọ́, ó ní kí wọ́n lọ bá òun kọ ọ́ sára ife tíì òun.

Omi ọ̀hún gan-an ńkọ́? Ẹ̀rọ omi gbogbo ìlú ń wú ikọ́, afẹ́fẹ́ ló ń tu jáde. Ṣùgbọ́n ní iwájú ọ́fíìsì Ọ̀gá, ẹja kan wà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, omi sì ń tú láti ẹnu rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí inú Ọ̀gá lè máa dùn.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wọ ọgbà, Akọ̀wé rẹ̀ á ti dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn. Títẹ ìwé ni ìjọba gba Akọ̀wé yìí fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ni yíyìn.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Oòrùn ti yọ!"

"Oòrùn ti yọ tipẹ́."

"Ìyẹn kékeré, sà. Ẹ̀yin ni mò ń sọ."

Ọ̀gá á mi orí, á ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, á sì gun òkè lọ bí ẹni pé àtẹ̀gùn ló ń jàǹfààní ẹsẹ̀ òun.

Wàyí o, ohun kan wà lára ọkùnrin yìí tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Òfin ìjọba ti dá ọjọ́ orí tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́ Ọ̀gá, Ọ̀gá a sún sẹ́yìn. Ó ti dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, ó tún dín in kù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń darúgbó, òun ń padà sí ìgbà èwe. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún máa gbé e pọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Awọ̀nlẹ̀ ni àbúrò náà. Kò dín ọjọ́ orí tirẹ̀ kù. Nígbà tó tó àkókò, ó fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n fún un ní aago ògiri, ó sì gbé e lọ sílé. Ṣé ẹ rí ìṣòro tó wà níbẹ̀? Bí àbúrò bá ti fẹ̀yìn tì, kí ni ẹ̀gbọ́n ṣì ń wá ní ọ́fíìsì? Ọ̀gá ronú títí, ó rí ọgbọ́n dá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe àbúrò rẹ̀ ní "ẹ̀gbọ́n mi".

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí wọ́n bá pàdé níta, Ọ̀gá-jọ̀gá-lọ tí kì í tẹrí ba fún mínísítà á tẹrí ba gẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán sà."

Awọ̀nlẹ̀ á wú bí búrẹ́dì: "Ìwọ, báwo ni? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Gbà, bá mi gbé báàgì yìí dání."

Nílé, bí ilẹ̀kùn bá ti dé, Ọ̀gá á yíjú sí i: "O ò mọ̀ pé ò ń ṣe àṣejù ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," ni Awọ̀nlẹ̀ á wí. "Ó kàn máa ń dùn mọ́ mi ni. Láti kékeré lẹ ti ń rán mi níṣẹ́."

Báyìí ni ayé ń lọ nígbà tí igbákejì Ọ̀gá kú lójijì. Ọkùnrin náà jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, kí wọ́n tó bu omi dé, ẹ̀mí ti bọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ ju ìyàwó, àwọn ọmọ àti orúkọ rere lọ, bẹ́ẹ̀ onílé kì í gba orúkọ rere dípò owó ilé.

Aránṣọ ni ìyàwó Ọ̀gá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ẹ̀rọ ìránṣọ, tábìlì ìgéṣọ àti díńgí kan lọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń dúró sí ìta bí wọ́n bá ju méjì lọ. Opó igbákejì wọlé tọ̀ ọ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kì í ṣe aṣọ tuntun ló gbé wá. Ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ló kó wá sínú àpò, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun gé wọn kéré fún àwọn ọmọ. Aránṣọ fi tépù wọn apá ẹ̀wù náà. Ìdọ̀tí fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà ní ọrùn ẹ̀wù, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ láti wẹ̀. Ó ní òun ò gba owó. Nígbà tí opó náà lọ tán, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó wà lókè ilé tí wọ́n ti ń ta gíláàsì lọ.

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá yín," ló sọ fún aṣojú tó bá níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí kì í yára sọ̀rọ̀.

"Kò le rárá, mà. Ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹni tí ẹ ṣe é lé lórí bá kú láàárín iye ọdún tí ẹ dá, a máa san owó ńlá fún àwọn tó fi sílẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ dúpẹ́."

"Èwo ni kí n rà?"

"Ẹ má ra èyí tó tóbi jù. Ẹ ra èyí tó tó. Ẹ ro ohun tí ilé máa ná títí ọmọ yín tó kéré jù máa fi jáde ilé-ìwé. Èyí tí ẹ bá rà tí apá yín ò ká sísan rẹ̀, bí ẹni tí kò rà á rárá lẹ rí."

Wọ́n jọ ṣírò rẹ̀. Èyí tó bá wọn mu ni wọ́n ń pè ní Ètò Ìtura. Aránṣọ gbé e délé bí ẹni gbé ẹyin. Ó dúró kí ọkọ rẹ̀ jẹun tán, kó nu ẹnu, kó sì yin ara rẹ̀ lórí ohun tó ṣe níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká ṣe adójútòfò ẹ̀mí."

"Ẹ̀mí ta?"

"Ẹ̀mí yín."

Ọ̀gá gbé ife omi kalẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ kú. Igbákejì yín náà ò fẹ́."

"Igbákejì ni. Ìdí tó fi jẹ́ igbákejì nìyẹn."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé Ètò Ìtura fún un, bó ṣe fúyẹ́ tó, bí kò ṣe ní dí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀gá fetí sílẹ̀ bí adájọ́.

"Àwọn wo ló tún ń ṣe é?"

"Ó pọ̀. Tíṣà ìsàlẹ̀ wa wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun yín náà wà níbẹ̀."

"Onígbàjámọ̀!" Ọ̀gá dìde dúró. "Kí èmi àti onígbàjámọ̀ kú ní iye kan náà? Kí ni ìlú máa sọ? Wọ́n á ní, ṣé bó ṣe kéré tó nìyí? Kí ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù níbẹ̀?"

"Ètò Adé. Ṣùgbọ́n, Bàbá wọn, owó oṣooṣù rẹ̀ á gbé wa mì."

"Adé," ni Ọ̀gá wí, ó sì fọwọ́ kan orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti débẹ̀. "Pe ọmọbìnrin náà wá sí ọ́fíìsì mi."

Bí aṣojú ṣe dé, Akọ̀wé fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ òfin ilé fún un. Wọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ Ọ̀gá lẹ́nu. Wọn kì í jókòó kó tó jókòó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, láti ìgbà tí igbákejì ti lọ, Ọ̀gá ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ikú lórúkọ nínú ọgbà náà. Ìpàdé gígùn ni kí wọ́n máa pè é.

Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni òṣìṣẹ́ kan wá tọrọ àyè pé bàbá ìyàwó òun ti lọ sí ìpàdé gígùn, tí ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibòmíràn, bi í pé, "Ṣé wọ́n á ti dé kó tó di ọjọ́ Ajé?"

Aṣojú wọlé, wọ́n ní kó jókòó sórí àga tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú kí àlejò má bàa ga ju onílé lọ. Aránṣọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí àwọn méjèèjì ló hàn lókè tábìlì.

"Sà," ni aṣojú bẹ̀rẹ̀, "bí ẹ bá... bí ẹ bá lọ sí ìpàdé gígùn, ta ni kí á san owó náà fún?"

"Èmi ni."

"Sà, ẹ ti máa wà ní ìpàdé nígbà náà."

"Kí wọ́n gbé e wá bá mi níbẹ̀."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Aṣojú wo ojú Aránṣọ, Aránṣọ wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ orí yín ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá sọ ti ọ́fíìsì. Aṣojú kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bèèrè ọjọ́ orí àkọ́bí wọn. Aránṣọ ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó tún un ṣírò.

"Ẹ má bínú, sà. Bí ìṣirò mi bá pé, ẹ ti di bàbá nígbà tí ẹ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé-ìwé."

"Mo tètè gbọ́n," ni Ọ̀gá wí.

"Aṣíwájú nínú ohun gbogbo!" ni Akọ̀wé kígbe.

Aṣojú gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ fún yín, sà. Ẹni tó bá parọ́ ọjọ́ orí fún wa, tàbí tó fi àìsàn pamọ́, bí ìpàdé bá dé, ilé-iṣẹ́ wa lè kọ̀ láti san ohunkóhun fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ni ìyà máa jẹ, kì í ṣe òun."

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí etí Aránṣọ bí omi tútù. Ṣùgbọ́n etí Ọ̀gá ti wà níbòmíràn, nítorí aṣojú ti fi kún un pé fún Ètò Adé, àwọn á fẹ́ mọ̀ nípa ìyá àti àwọn ọmọ ìyá ẹni tó ń rà á, bóyá ẹ̀mí gígùn wà nínú ìdílé náà. Ẹ̀mí gígùn! Ojú Ọ̀gá tàn. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń bá àwọn ará ilé jà. Kí ló dé tí irú ògo bẹ́ẹ̀ á fi wà nínú yàrá?

"A máa ṣe ayẹyẹ," ló wí. "Ẹ̀yin á máa bi mí ní ìbéèrè lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi á máa dáhùn, kí gbogbo ayé gbọ́ bí ara mi ṣe le. Akọ̀wé! Lọ pe Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba. Ó yẹ kó rí irú ẹni tó ní."

Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀, Aránṣọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí awakọ̀ má bàa gbọ́. "Bàbá wọn, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ. Ẹ̀ ń fi ọjọ́ orí yín ṣeré níbi iṣẹ́, mo dákẹ́, mo ní ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ti àwọn ọmọ ni. Ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Ẹnu kan kì í sọ ọjọ́ orí méjì, Ìyá wọn."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ẹyọ kan, kó jẹ́ èyí tí Màmá bí yín sí."

"Màmá á jókòó síwájú, wọ́n á yà á ní fọ́tò, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi Màmá ní nǹkan kan."

Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ẹni tó máa tú u fó.

Ìmúra bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kun ẹja sìmẹ́ǹtì ní àwọ̀ wúrà. Wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń tún páìpù ṣe jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n sọ wọ́n di ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní orin kan tí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ hun:

Òkúta kì í ṣàárẹ̀, òkè kì í wú ikọ́,
Ọ̀gá wa kò ní lọ sí ìpàdé kankan!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, páìpù ńlá kan bẹ́ ní ojú pópó. Omi gba iwájú ilé ìwòsàn, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tẹ Ilé-iṣẹ́ Omi láago. Akọ̀wé ló gbé e. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, àwọn oníṣẹ́ ṣì wà lórí ẹsẹ kejì.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sùn níbi ayẹyẹ gbogbo, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ kì í sùn. Awọ̀nlẹ̀ dé nínú kóòtù tuntun, ó jókòó sí àga tí wọ́n kọ "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá" sí. Màmá Ọ̀gá àti Awọ̀nlẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní ìlú mìíràn, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa pípààrọ̀ ipò yìí rí, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Aránṣọ. Nítorí fọ́tò, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan sí iwájú rẹ̀. Ta ni ò pa á? Akọ̀wé ni. Òun kan náà ló ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé bí Màmá bá fọhùn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá dìde. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó dákẹ́ títí ọmọdé kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn! Àwọn kan wà tí ayé ń gbé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń gbé ayé. Mi ò ní sọ èyí tí mo jẹ́, nítorí ìrẹ̀lẹ̀ mi kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Aṣojú bọ́ síwájú, bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀ kò dún.

"Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sà?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi kì í ru. Ó mọ ara ẹni tó wà."

Àtẹ́wọ́.

"Ṣé ẹ máa ń sùn dáadáa?"

"Nílé ni àbí ní ọ́fíìsì?"

Akọ̀wé húkọ́ kíákíá. Olórí Òṣìṣẹ́ la ojú kan.

"Ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá kan náà, tó wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le?"

Ìbéèrè tí Ọ̀gá ti ń dúró dè nìyẹn. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń ṣí aṣọ ìkélé. "Mo ní! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde sà, kí ayé rí yín!"

Awọ̀nlẹ̀ dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ sísàlẹ̀, ó juwọ́ sí ọ̀tún, ó juwọ́ sí òsì. "Ìwọ, o ṣeun," ló wí fún Ọ̀gá.

Màmá yíjú sí Aránṣọ. Etí rẹ̀ ti wúwo díẹ̀, irú wọn kì í sì í mọ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé ohùn rẹ̀ dé orí òrùlé:

"Ta ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n?"

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Aránṣọ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Èyí tó dúró yìí, èkejì ni. Èyí tó ń pariwo yẹn ni mo kọ́kọ́ bí. Òun ló ń gbé àbúrò rẹ̀ kọjá kòtò bí wọ́n bá ń lọ sí ilé-ìwé. Òun ló ń bá a nu imú. Ìgbà wo ló di àbúrò ẹni tó ń nu imú fún?"

Àtẹ́wọ́ tún sọ, ó rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kú. Olórí Òṣìṣẹ́ ti la ojú méjèèjì.

"Màmá," ló wí, "ẹ̀gbọ́n ni Adarí Àgbà jẹ́ fún Awọ̀nlẹ̀?"

Òógùn bo iwájú orí Ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò rí ibi jókòó sí lójú rẹ̀. "Ẹ má dá ìyá mi lóhùn, sà. Ọjọ́ ogbó ni. Orí wọn ti dàrú. Wọn kì í rántí nǹkan kan mọ́."

Arúgbó náà kò pariwo. Ó kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ó yí wọn padà, ó sì tún wò wọ́n, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ohun tó fi ọwọ́ yẹn ṣe kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Orí mi?" ló bèèrè. "Èmi?"

Awọ̀nlẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Ó ti jẹ adùn ipò yìí pẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín, ó sì wù ú kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ìyá rẹ̀, adùn náà kan lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ kúrò níbi àga ẹ̀gbọ́n, ó tẹrí ba.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ fìyà jẹ mí bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé orí Màmá ti dàrú."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi "ìwọ" gbá Ọ̀gá lójú ní gbangba láti ọdún wọ̀nyí pè é ní "ẹ̀yin" níwájú gbogbo ayé. Ẹlẹ́rìí wo ni ẹ tún fẹ́?

"Awọ̀nlẹ̀," ni Olórí Òṣìṣẹ́ wí, "ṣé kì í ṣe èmi fúnra mi ni mo gbé aago ògiri fún ọ lọ́jọ́ tí o fẹ̀yìn tì?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn."

Ó dìde láti lọ. Wọ́n sì ti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ akọrin pé bí àlejò pàtàkì bá ti dìde, kí wọ́n gbe orin. Òṣìṣẹ́ kì í rú òfin. Àwọn atúnpáìpù-ṣe kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀fun wọn pé Ọ̀gá wa kò ní lọ sí ìpàdé kankan, Olórí Òṣìṣẹ́ sì yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ó máa lọ sí ẹyọ kan. Ní ọ́fíìsì mi, lọ́la."

Ìpàdé náà kò gùn. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, kí ó sì máa fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ san owó oṣù àwọn ọdún tó jẹ lé e padà. Nígbà tó padà wá kó ẹrù rẹ̀, Akọ̀wé wà lẹ́nu àtẹ̀gùn. Ọ̀gá dúró kí ó gbọ́ nípa oòrùn. Akọ̀wé wo ojú ọ̀run, ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀, ó sì wọlé lọ tún àga ẹni tuntun ṣe.

Ó délé, ó bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi í jọ̀gá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

Arúgbó náà ká ẹ̀wù kan tán. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Ó sọ iye kan, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òótọ́ ni.

"Fi ọ̀kan kún un," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ju aṣọ ìnura kan sí i. "Bá mi ká èyí."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun àti Aránṣọ gun òkè ilé tí wọ́n ti ń ta gíláàsì lọ. Kò sẹ́ni tó dìde fún un. Àga tí wọ́n fún un ga bí àga gbogbo ènìyàn. Ó bèèrè Ètò Adé, àṣà kì í tètè bọ́ lára, aṣojú sì sọ fún un pẹ̀lú sùúrù pé ní ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an, owó oṣooṣù rẹ̀ á ju ohun tó ṣẹ́kù nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ.

"Ètò Ìtura ńkọ́?" ni Aránṣọ bèèrè.

"Ó ṣeé ṣe, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: iṣẹ́ ọwọ́ ta ni ilé ń jẹ báyìí?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu yẹn jáde. Ó wo ìka ìyàwó rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún le. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á.

"Tiẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé ẹ̀mí tiwọn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Tiwọn sì fúyẹ́ gan-an. Ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀, sà."

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn tó ń dúró. Ilẹ̀kùn kò dé tán. Ó gbọ́ tí wọ́n ń bi ìyàwó rẹ̀ bóyá nǹkan kan ń dùn ún, ó sì gbọ́ tó dáhùn pé ẹ̀yìn òun ni, bí òun bá jókòó ti ẹ̀rọ pẹ́, ó ti tó ọdún bíi mélòó kan. Kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un, kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ó gbọ́ tí wọ́n bèèrè ẹni tí wọ́n máa san owó fún, bí ó bá kú. Kò sí ẹni tó pè é ní ìpàdé. Ikú ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ kúkúrú, ó sì gún un láyà bí abẹ́rẹ́. Ọkùnrin yìí ti ro ikú ara rẹ̀ títí tó fi fòfin dè é. Kò ronú rí, àní lẹ́ẹ̀kan, pé ìyàwó òun náà lè kú.

Nígbà tí wọ́n jáde, ojú pópó kún. Ọkùnrin náà máa ń lọ níwájú ìyàwó rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣí ọ̀nà fún. Lọ́jọ́ yìí, ó di apá rẹ̀ mú, ó bọ́ sí ọwọ́ ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀, ó sì na ọwọ́ kejì sí awakọ̀ kan tó jìnnà réré.

"Rọra! Rọra, Ìyá wọn! Má tíì gbé ẹsẹ̀! Ó yá, gbé e!"

Aránṣọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá wọn, kí ló dé? Ṣé torí owó tí wọ́n máa san lórí mi lẹ ṣe ń gbé mi bí ẹyin, àbí torí mi?"

"Torí rẹ ni," ló wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mọ́tò. "Owó wo? Ṣebí àwọn ọmọ lo ní kí wọ́n san án fún."

Ẹ̀rín pa Aránṣọ. Ó rín in títí ó fi dúró ní àárín ọ̀nà gan-an, ó di ìbàdí mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn mọ́tò ń fọn fèrè ní ọ̀tún àti òsì, ọkọ rẹ̀ sì na ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó kọjá tán kó tó rín èyí tó kù.